Ẹ Má Tíì Ra Bọ́ọ̀lù Tuntun: Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Bọ́ọ̀lù Bowling

Ìbéèrè kan ló bí ètò tòní. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbọ́ wa láti Houston ní bọ́ọ̀lù bowling òun, tó máa ń yà wọlé dáadáa nígbà tó ṣì tuntun, kì í yà mọ́. Líìgì wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń wò ó lójú. Ṣé kí òun ra òmíràn ni?

Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ mú owó yín dání ná. Bọ́ọ̀lù gidi lè gbà ju 200 dọ́là lọ. Páàdì tí a fi ń ha ojú rẹ̀, dọ́là díẹ̀ ni.

Ẹ wò ó. Láti ojú ìlà tí a ti ń jù ú títí dé ọ̀dọ̀ pin àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni. Wọ́n ń fi òróró pa ibi tó sún mọ́ wa, ó sábà máa ń tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40; ìyókù gbẹ. Bọ́ọ̀lù á yọ̀ lórí òróró, tó bá wá di ilẹ̀ mú, á yà. Àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀lù fẹ́ràn láti máa polówó ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sórí ilẹ̀ tútù, ẹ ó rí i.

Páàdì ní nọ́ńbà, bíi sáńpépà àwọn káfíńtà: 500 le, 1000 rọ̀ jù ú lọ, 2000 àti 4000 ń dán lọ, pọ́líìṣì ló kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù 500 ń tètè di ilẹ̀ mú. Èyí tó ní pọ́líìṣì á yọ̀ jìnnà, á wá ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí: wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù tó bá ti le ló ń yà jù. Rárá o. Níbi tí òróró kò pọ̀, 500 á ti ná gbogbo agbára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ pin, á kàn máa lọ gbọọrọ. Ẹ ó rò pé kò yà, bẹ́ẹ̀ ó ti yà tán!

Bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ ń yí padà. Èyí tó le á máa dán díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń dán náà á máa ṣá. Awọ reactive resin tí ọ̀pọ̀ wa ń lò tún ń mu òróró.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi oògùn ìfọ̀ rẹ̀ nù ún dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ rin páàdì. Ẹ̀rọ tó ń yí bọ́ọ̀lù ló dáa jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń ṣe é, bí ẹ bá gbé e sórí táwẹ̀lì tí ẹ ká róbótó. Ẹ ha ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye ìṣẹ́jú kan náà, agbára ọwọ́ kan náà. Bí 2000 lẹ ń lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 500, ẹ gba 1000 kọjá. Ẹni tó bá fo àárín, ìlà tí 500 fà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ nu omi ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ẹ sì kọ nọ́ńbà tí ẹ lò àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹ̀gbọ́n wa, 2000 ni mo mú. Èmi kì í gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró nímọ̀ràn pọ́líìṣì, torí àṣìṣe kékeré á di ńlá lẹ́yìn.

Ilé ni kí ẹ ti ṣe é o. Òfin USBC, tó ń ṣàkóso bowling ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí a ha bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìdíje, ẹ fi táwẹ̀lì gbígbẹ nù ún.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ihò ìka la ó sọ̀rọ̀ lé.