Ohùn tí ń Jí Ni: Àlàyé lórí Yíyí Ohùn Aláàmù Fóònù Padà

"Ẹni tí ó sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ." Báyìí ni àwọn àgbà wí. Òwe náà pín àwọn tí ó dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà méjì: ẹni tí oorun gbé lọ, àti ẹni tí ó kàn di ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí a ó fi jí ẹni tí ó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a fi ń jí ènìyàn kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé òun ni ohùn tí etí kọ́kọ́ ń gbọ́ ní ojúmọ́. Lóde òní, fóònù ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń yí ohùn aláàmù inú fóònù padà, àti láti fi hàn pé ẹni tí ó ń sọ èdè olóhùn bíi Yorùbá lè fi àyè yìí ṣe ohun tí ó ju pé kí ó fi orin kan rọ́pò òmíràn lọ.

Agogo orí òkè

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Òkè Ìdànrè. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 dé òkè yóò bá àmì ìlú tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sí ara àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé ní ọdún 2007, wọ́n dárúkọ ààfin Ọwá, àwọn ojúbọ, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ibojì àwọn ará ìgbàanì, ipasẹ̀ Agbóògùn, àti ilé agogo. Ilé agogo yìí ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí a fi ń pe ènìyàn jọ ni agogo. Bí a bá gbé e sí ibi gíga, tí ẹnì kan lù ú, gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí ni ó gbọ́. Ohùn kan ni fún ọba, fún àgbẹ̀ àti fún ọmọ ilé-ìwé.

Èdè wa kò gbàgbé iṣẹ́ tí agogo ṣe. Láti ara "agogo" ni "aago" ti jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, "agogo mẹ́fà" ni a ó bá níbi tí a ti ń kọ "aago mẹ́fà" lónìí. Nígbà tí a bá sì fẹ́ mọ àkókò, a máa ń béèrè pé, "Aago mélòó ni ó lù?" Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún ìlù ni a lò fún aago yìí. Nínú èrò Yorùbá, àkókò kì í ṣe ohun tí a ń wò lójú nìkan; ohun tí a ń lù ni, tí a sì ń gbọ́.

Àwọn ajíni àtijọ́

Kí agogo tó dé, àkùkọ ni ó ń kọ. Ní ọ̀pọ̀ ààfin ilẹ̀ Yorùbá, àwọn onílù ni wọ́n ń fi oríkì jí ọba ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, ìpè ìrun àsùbá ni ó ń lọ sí gbogbo ilé. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ bá sì dé, àwọn ọ̀dọ́ a máa lu ìlù káàkiri lóru láti jí àwọn ènìyàn kí wọ́n lè jẹ sààrì. Wéré ni orúkọ orin náà.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Síkírù Àyìndé Barrister, ẹni tí a bí ní ọdún 1948, tí ó sì kú ní ọdún 2010, wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ wéré. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó sọ orin ìjíni yìí di orin ìgbafẹ́ tí a ń pè ní fújì. Èyí fi hàn wá pé ní ilẹ̀ wa, ohùn tí ń jí ni kò tíì fìgbà kan jẹ́ ariwo lásán. Ó ní ọ̀rọ̀ nínú, ó sì ní ẹni tí ó ń bá wí.

Ibi tí fóònù ti yàtọ̀ sí wọn nìyí. Ohùn tí ilé-iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni wí. Nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé, bí ohùn kan náà bá wà nínú fóònù mẹ́rin, tí ọ̀kan dún, ẹni mẹ́rin ni yóò na ọwọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí.

Etí Yorùbá

Kò sí ohùn tí Yorùbá gbọ́ tí kò lè fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, nítorí pé ìró dò, re àti mí ni èdè wa fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ilé-iṣẹ́ rédíò Nigerian Broadcasting Service, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1951, fi ohùn gángan ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ kí ìlù náà sọ, ṣùgbọ́n àwọn olùgbọ́ fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Lára wọn ni àwọn tí ó gbọ́ ọ pé ó ń sọ fún olówó pé kò sí onígbèsè níhìn-ín, kí ó kọjá sí ilé kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn kúkúrú kan: "Ilẹ̀ ti mọ́." Ohùn rẹ̀ ni re, dò, re, mí. Bí a bá fi ìlù tàbí fèrè sọ ọ́, ó dára fún ìjíni. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni "Ọkọ̀ mi dé" ní, òun náà sì ni "Ayọ̀ wa dé" ní. Báwo ni olùgbọ́ yóò ṣe mọ èyí tí a ń sọ? Àwọn onílù ti rí ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́: wọn a fa gbólóhùn gùn, wọn a sì lo ọ̀rọ̀ tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìlù bá sọ pé, "Ilẹ̀ ti mọ́, ìwọ tí o ń sùn, dìde," iye ọ̀nà tí a lè gbà ṣì í gbọ́ yóò dín kù púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oríkì. Ọ̀pọ̀ nínú oríkì àbísọ ni ó ní ohùn kan náà. Àkànní, Àlàó, Àjàní, Àyìndé, Àbẹ̀kẹ́ àti Àdùkẹ́, dò-dò-mí ni gbogbo wọn. Bí fóònù bá ń dún dò-dò-mí nínú agbo ilé kan, ìdajì ilé lè dáhùn. Ìdí nìyí tí onílù fi ń fi orílẹ̀ kún un. Àkànní Ọ̀kín jẹ́ dò-dò-mí, dò-mí. Àkànní Erin jẹ́ dò-dò-mí, re-re. Nígbà yìí ni ẹni tí a ń pè tó mọ̀ pé òun gan-an ni.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa oorun ti rí ohun tí ó ti èyí lẹ́yìn. Ní ọdún 1960, Ian Oswald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brítéènì tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ka oríṣìíríṣìí orúkọ sí etí àwọn tí ń sùn, wọ́n sì ń wo bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé orúkọ ẹni tí ó sùn náà ni ó máa ń ta ọpọlọ rẹ̀ jí jù. Etí tí ó ń sùn kò dí tán. Ó ń ṣa ọ̀rọ̀ yàn.

Ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa aago iná fi hàn pé ohùn ìsàlẹ̀ kan tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 520 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń jí ènìyàn ju ohùn tínínrín tí ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 3,100 lọ. Ní ọdún 2020, Stuart McFarlane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kan náà bi ènìyàn 50 léèrè nípa ohùn aláàmù wọn. Àwọn tí wọ́n sọ pé ohùn tí ó ní orin nínú ni ó ń jí àwọn kò ròyìn ìwúwo orí tí ó pọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ènìyàn 50 kò tó láti fi ṣe òfin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohùn ìyá ìlù kò ní ya ẹnu sí i.

Bí a ṣe ń ṣe é

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni gbígba ohùn sílẹ̀. Kí a lọ bá onílù, tàbí ìyá àgbà tí ó mọ oríkì wa, ní ibi tí ó dákẹ́. Kí fóònù má jìnnà sí ẹnu rẹ̀ tàbí sí ojú ìlù ju nǹkan bí apá kan lọ. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 tó. Aláàmù yóò máa tún un sọ fúnra rẹ̀. Kí ohùn bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kí ó má sí ìdákẹ́jẹ́ gígùn níwájú.

Lẹ́yìn èyí, bí ó bá jẹ́ fóònù Android bíi Tecno, Infinix tàbí Samsung, kí a ṣí ibi tí a kọ Clock sí, kí a sì tẹ Alarm. Kí a tẹ àkókò tí a ti yàn, kí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ lè jáde. A ó rí orúkọ ohùn tí ó ń lò lọ́wọ́; lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwòrán agogo kékeré ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá tẹ ibẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn ohùn tí ó wà yóò jáde, pẹ̀lú àyè láti fi tuntun kún un. Ibẹ̀ ni a ó ti wá ohùn tí a gbà sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orí fóònù kan tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òmíràn, ìgbésẹ̀ kan náà ni.

Lórí iPhone, kí a ṣí Clock, kí a tẹ Alarms, lẹ́yìn náà Edit, kí a sì tẹ àkókò tí a fẹ́. Ibi tí a kọ Sound sí ni a ó ti yan ohùn. Ohùn tí a fúnra wa gbà sílẹ̀ kì í sáàbà hàn níbẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. A ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohùn ìpè, bóyá nínú ètò GarageBand tí Apple ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí a má gbàgbé ìwọ̀n ohùn. Lórí Android, ohùn aláàmù ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti ìpè. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan sókè lè má tíì gbé èkejì. Kí a dán an wò ní ọ̀sán kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e ní òru ìdánwò. Bátìrì náà ní láti kún, nítorí pé fóònù tí iná tán nínú rẹ̀ kò jí ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Kí a má ṣe fi orin tí a fẹ́ràn jù ṣe aláàmù. Láìpẹ́, etí yóò sọ ọ́ di ọ̀tá oorun, a ó sì pàdánù orin náà. Kí a má fi ohùn tí ó jẹ́ ti orò, ti eégún tàbí ti ìsìnkú ṣe ohun ìjíni. Ohun tí ó ní ọjọ́ tirẹ̀ kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ohùn, kí a sì fún onílù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń jẹ ni.

Ní ti bọ́tìnì tí a ń pè ní snooze, òwe wa ti dájọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ oríkì rẹ̀, tí ó mọ̀ pé òun ni a ń pè, tí ó sì tẹ bọ́tìnì náà ní ìgbà mẹ́ta, ti kúrò lára àwọn tí ó sùn. Apirọrọ ni, kò sì sí ohùn tí a lè yàn fún un.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má pẹ́ dé kíláàsì lọ. Àwọn tí wọ́n lè fi ìlù pe ènìyàn ní orúkọ àti orílẹ̀ rẹ̀ ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lè gbọ́ ohun tí ìlù wí sì ń dín kù. Olùkọ́ ní Odòde Ìdànrè tàbí ní Àlàdé lè ní kí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ gba oríkì tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè Ìdànrè gan-an, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì fi ṣe aláàmù. Láàárín sáà kan, ọmọ náà yóò ti gbọ́ ọ tó ìgbà 60 láìṣe wàhálà, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Agogo orí òkè pe gbogbo ìlú pẹ̀lú ohùn kan. Fóònù lè pe ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, bí a bá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n mọ orúkọ náà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.