Bí A Bá Há Sí Erékùṣù, Sinimá Wo Ni A Ó Mú Lọ?

Láti ọdún 1942 ni ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, BBC, ti ń bi àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn léèrè pé, bí wọ́n bá há sí erékùṣù tí kò sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀, àwo orin mẹ́jọ wo ni wọn ìbá fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè eré ni, ṣùgbọ́n ó máa ń tú àṣírí ọkàn ẹni. A fẹ́ yí i padà díẹ̀ lónìí, kí a sì gbé e síwájú àwọn olùkọ́ àti gbogbo ọ̀rẹ́ wa ní Igbó-Ọrà, ní Ẹ̀rúwà, àti ní Ìbàràpá Méje lápapọ̀: bí ó bá jẹ́ sinimá ńkọ́?

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Ìbàràpá kò bá òkun pààlà. Odò Ògùn àti Òfìkì ni tiwa, ẹni tí ó bá sì ṣìnà sí etí wọn kò ní pẹ́ kan àgbẹ̀ tí yóò júwe ilé fún un. Ẹni tí ó tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ erékùṣù di ìtàn gbajúmọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, Robinson Crusoe inú ìwé tí Daniel Defoe tẹ̀ jáde ní 1719, kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa. Kí àwọn olùkọ́ tún ibẹ̀ kà: ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó ń bọ̀ wá kó ẹrú nígbà tí ìjì fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí a óò bá gbé erékùṣù rẹ̀, ẹrù tiwa ni a ó dì lọ. Ní ti iná tí a ó fi wo sinimá náà, ẹ má ṣe bi wá; kò dìgbà tí ènìyàn bá dé erékùṣù kí ó tó jókòó sínú òkùnkùn.

Ṣaworoidẹ ni a ó kọ́kọ́ mú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di sinimá ní 1999, ọdún náà gan-an tí àwọn ológun gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́. Ní ìlú Jogbo inú ìtàn yìí, dandan ni kí ọba sín gbẹ́rẹ́ kí òun, adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ tó di ọ̀kan. Lápitẹ́ kọ̀, kò jẹ́ kí abẹ kan òun lára, nítorí owó àwọn agégẹdú ni ó ń wò. Nígbà tí ìlú dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ké sí ṣọ́jà. Ṣọ́jà náà, Lágàtà, sì gba ìtẹ́ mọ́ ọn nídìí. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó lè wo sinimá yìí kí ó ní àwọn alátakò òun nìkan ni a ń bá wí. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àsíá kiri ojúde, ẹ ti bèèrè gbẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbé gẹṣin bí?

A ó mú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ náà, tí Kèlání ṣe ní 1993. Ilẹ̀ tí kì í ṣe ti olóyè kan ni ó bá wọn lọ́wọ́ sí títà fún ilé epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu Ìgàngàn ní oṣù Òkúdu 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì dáná sun ààfin, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà létí ọmọ Ìbàràpá.

Ayé, tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1979, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n a kò ní mú un lọ. Ta ni yóò wo àwọn àjẹ́ Ògúndé tán lóru, kí ó tún dá nìkan sùn?

Ọ̀run Móoru ni a ó fi rọ́pò rẹ̀, kí ìdánìkanwà má baà yí wa lórí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ni ó gbé e jáde ní 1982, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀. Ẹ̀rín inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n omijé wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri kí ẹni tí ó ni ín tó rí èrè jẹ. Gbèsè bo ọ̀gá aláwàdà náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ra ayédèrú àwo lẹ́bàá ọ̀nà ní ọjà Tówóbọ̀wò tàbí níbikíbi, ó ń bá wọn jẹ nínú oúnjẹ náà.

Ìjà Òmìnira ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn wá jù. Ọlá Balógun àti Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ni wọ́n ṣe é ní 1979 láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìtàn àwọn tí ó kọ̀ láti máa sìnrú lọ títí. Fíìmù ìgbà náà kì í ṣe irin. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ ẹ́, á súnkì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan. Bí ó bá ti bàjẹ́ tán, kò sí ẹni tí yóò mú un lọ sí erékùṣù kankan. Àwọn ará Àríwá ṣe oríire: Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ni a rí nínú àká ní Jọ́ọ̀sì ní 2016, tí a sì tún ṣe, tí wọ́n fi hàn ní Berlin ní 2018. Bí a bá ń bèèrè ọ̀nà àti omi lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa ní Ìbàdàn, kí ni ó dé tí a kò fi bèèrè yàrá tútù kan ṣoṣo fún àwọn fíìmù Yorùbá?

Kí ìyẹn tó dé, àwọn olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìjọba amúnisìn, aṣọ funfun kan ní gbangba àti ọkọ̀ sinimá ìjọba ti tó láti kó ìlú jọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní ẹ̀rọ lónìí lè ta aṣọ sára ògiri ní alẹ́ Ẹtì, kí ó ra ojúlówó àwo, kí ó sì pe àwọn òbí. Ṣaworoidẹ ni kí wọ́n fi ṣí i.