Ká Tó Tẹ̀lé Owó Oṣù Lọ sí Kútọnu

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ìpè kan wọlé sórí fóònù ọkùnrin kan ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó ń pè é láti Kútọnu. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ilé ìkẹ́rùsí wọn, tí yóò máa ka àpò tó wọlé àti èyí tó jáde. Owó oṣù iṣẹ́ náà jẹ́ 110,000 fáráǹkì. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ń ṣe ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò kájú kan, 60,000 ni ó sì ń gbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé ó ń lọ.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń dé sí Kétu, ó ń dé sí Pọ́bẹ̀, ó ń dé sí Ṣàkété. Kútọnu ni èbúté ọkọ̀ òkun wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá wà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn tẹ̀lé iṣẹ́ dé ibi tí iṣẹ́ wà. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé sí wàhálà ni pé iye tí wọ́n dá lórí fóònù kọ́ ni iye tó ń wọ àpò. Iye tó wọ àpò náà kọ́ sì ni iye tó ń kù nígbà tí oṣù bá parí.

Ìyàwó ọkùnrin náà ni kò bá wọn yọ̀. Àkàrà àti ẹ̀kọ ni ó ń tà lẹ́bàá títì tó lọ sí Párákú. Ó ní ìwé kékeré kan tí ó máa ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí. Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ó kọ Ṣábẹ̀ẹ́ sí apá kan, ó kọ Kútọnu sí apá kejì. Ó wá ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ ná."

Iye tó ń wọ ọwọ́

Owó tí wọ́n yọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ilé iṣẹ́ CNSS, tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, ń gba 3.6 nínú gbogbo 100 tí òṣìṣẹ́ bá gbà. Nínú 110,000, èyí jẹ́ 3,960. Lẹ́yìn náà ni owó orí. Ìjọba kì í gba owó orí lórí 60,000 àkọ́kọ́. Lórí ohun tó bá lé sí i, títí dé 150,000, ó ń gba 10 nínú 100. Lórí 110,000, èyí jẹ́ 5,000. Ohun tí yóò wọ ọwọ́ ọkùnrin náà ní Kútọnu jẹ́ 101,040.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, 60,000 rẹ̀ ń wọ ọwọ́ láìdín. Ọ̀gá rẹ̀ kì í yọ nǹkan kan, nítorí pé kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS rí. Nígbà tí obìnrin náà ń kọ ọ́, ó dà bí ẹni pé ànfààní ni. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bọ̀ níwájú.

Nítorí náà, 50,000 tí gbogbo agbo ilé ń pariwo rẹ̀ ti di 41,040.

Ohun tí a kì í fi owó rà

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ilé bàbá rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń gbé. Kò sanwó ilé rí láyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ síbi iṣẹ́, yóò sì padà wá jẹun ọ̀sán. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń ti oko wá. Bí ìyá àwọn ọmọ bá wà nídìí àkàrà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ìyá àgbà ni ó ń wẹ̀ wọ́n, tí ó ń múra fún wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó hàn nínú 60,000 náà, nítorí kò sí ẹni tó ń fi owó rà wọ́n. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ṣí kúrò nílùú ni olúkúlùkù wọn ń di ohun tí à ń rà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni tọkọtaya yìí fi ń pe àwọn ará wọn tó wà ní Kútọnu, tí wọ́n ń béèrè iye owó. Iye náà yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyí. Yàrá kan àti pálọ̀, ní àdúgbò tí kò jìnnà jù, jẹ́ 30,000 lóṣù. Zémidjan láti ilé dé ibi iṣẹ́ jẹ́ 300 ní àlọ, 300 ní àbọ̀. Bí wọ́n bá ka ọjọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù, ó di 15,600. Owó iná mọ̀nàmọ́ná àti omi yóò fi 6,000 ju ti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ. Oúnjẹ tó ń ti oko wá lọ́fẹ̀ẹ́ yóò di 20,000 nílé ọlọ́jà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 71,600. Wọ́n gbé 41,040 lé e, ó ku 30,560 kí ó tó. Ọkùnrin náà tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin náà kò tíì ka owó tirẹ̀. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ń ṣírò ìrìn àjò, owó oṣù ọkọ nìkan ni wọ́n ń kà, bí ẹni pé aya kì í mú nǹkan kan wá sílé. Èrè àkàrà àti ẹ̀kọ ń tó 20,000 lóṣù. Bí wọ́n bá dé Kútọnu, yóò pàdánù rẹ̀ títí di ìgbà tí ó bá rí ibi ìtajà, bẹ́ẹ̀ ni ibi ìtajà kò rọrùn láti rí níbẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2017 ni ìjọba ti ń lé àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì lórí ilẹ̀ ìlú kúrò. Tí a bá fi 20,000 yìí kún un, ohun tó ku kí ó tó di 50,560. Kí ìdílé náà tó lè jẹ bí ó ti ń jẹ ní Ṣábẹ̀ẹ́, owó oṣù Kútọnu ní láti súnmọ́ 170,000 kí wọ́n tó yọ owó CNSS àti owó orí.

Gbogbo èyí kò tíì kan owó ìbẹ̀rẹ̀. Onílé máa ń gba owó ìdógò kí ayálégbé tó wọlé. Òfin ọdún 2018 lórí ilé gbígbé sọ pé owó ìdógò yìí kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ. Lórí ilé 30,000, èyí jẹ́ 90,000, ó sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tí kò bá mọ òfin yìí lè san ti oṣù mẹ́fà kó tún dúpẹ́.

Ilé tó jìnnà, ilé tó súnmọ́

Àbúrò ọkùnrin náà ní ojú ọ̀nà mìíràn wà. Kí ẹ̀gbọ́n lọ gbé ní Kalaví, níbi tí ilé ti rọjú díẹ̀, kí ó máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2002, ènìyàn 307,745 ni ó wà ní Abomey-Calavi. Ní ọdún 2013, wọ́n ti di 656,358. Láàrin àkókò kan náà, Kútọnu fúnra rẹ̀ kò ju láti 665,100 sí 679,012 lọ. Àwọn mìíràn ń gbé Àjàṣẹ́, wọ́n sì ń rin nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Kútọnu ní òwúrọ̀, 30 mìíràn bọ̀ ní alẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá jèrè lórí owó ilé, ọkọ̀ ń gba apá kan nínú rẹ̀, àkókò sì ń gba ìyókù. Ẹni tó bá ń lo wákàtí méjì lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 26, ó ti lo wákàtí 52. Wákàtí 40 ni òfin kà sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan àti ààbọ̀, ó kéré díẹ̀, ni ó ń ṣe lóṣù láìgba owó kankan lórí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè ti sùn kí ó tó wọlé.

Ilé tó súnmọ́ náà ní tirẹ̀. Àárín òkun àti adágún Nokoué ni Kútọnu wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ní àkókò òjò, àwọn àdúgbò kan wà tí omi ń wọ inú ilé. Ẹni tó bá rí ilé olówó pọ́ọ́kú ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, kí ó bi àwọn aládùúgbò bí ibẹ̀ ti rí ní oṣù Òkúdù kí ó tó sanwó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tún pè. Ó ní yàrá kan wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì lè fún olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí bí ó bá béèrè. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè, nítorí iye owó nìkan ni ọkàn wọn ń lọ sí. Obìnrin náà pa 30,000 owó ilé àti 15,600 ti zémidjan rẹ́. Ohun tó ku kí ó tó sọ̀kalẹ̀ láti 50,560 sí 4,960. Yàrá kan ṣoṣo ṣe ohun tí àfikún owó oṣù 20,000 kò lè ṣe.

Bí ọkọ bá wá dá lọ ńkọ́? Ìyàwó yóò dúró nídìí àkàrà, oko yóò máa bọ́ ilé. Ọkọ yóò máa jẹ 1,000 lójúmọ́ ní Kútọnu, ìyẹn 30,000. Yóò máa wá sílé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n sì fi 10,000 sí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Wọ́n yọ 40,000 yìí nínú 41,040. Ohun tó kù jẹ́ 1,040 fáráǹkì. Obìnrin náà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé ìlú ńlá kò dára. Ọ̀dọ́ tí kò tíì láya, tó lè bá ẹlòmíràn pín yàrá, lè rí èrè gidi nínú 110,000 yìí kan náà, nítorí kò fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ní ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi, tàbí aláìsàn tó gbọ́dọ̀ máa rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìṣirò ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ ń gbé lọ.

Oṣù 180

Ìyá àgbà ni ó mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ó ti jókòó ti ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀, kò dá sí i. Ó wá béèrè pé, "Ọmọ mi, owó tí wọ́n ní wọn óò máa yọ yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Òun nìkan ló bi wọ́n léèrè. 3,960 ti CNSS náà kì í ṣe owó tó sọnù. Ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 60, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ fún oṣù 180, ìyẹn ọdún 15, ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì tí yóò máa gbà lóṣooṣù. Ọkùnrin yìí jẹ́ ẹni ọdún 44. Ọdún 16 ni ó kù kí ó tó pé 60. Láti ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń ka àpò kájú ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò tíì ní oṣù kan ṣoṣo nínú 180 náà. Bí ọdún kan àti oṣù díẹ̀ bá tún kọjá báyìí, kò ní lè pé mọ́ kí ó tó di ẹni ọdún 60.

Ohun tó jẹ́ ti Kútọnu gan-an nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe 50,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Kútọnu nìkan ni òfin náà wà fún. Agbanisíṣẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti gbọdọ̀ san ohun tó kéré sí 52,000 lóṣù, iye tí ìjọba fi lélẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Lórí owó oṣù 60,000, ohun tí wọn yóò yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ 2,160. Ti ọ̀gá yóò wà láàrin 9,840 àti 11,640, gẹ́gẹ́ bí ewu inú iṣẹ́ náà bá ti pọ̀ tó. Owó kékeré kọ́ ni fún oníṣòwò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkùnrin náà mú ìwé àkàrà dání lọ síbi iṣẹ́. Ó kí ọ̀gá rẹ̀, ó dúró títí ó fi parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ kan, lẹ́yìn náà ni ó sọ fún un pé wọ́n ń pe òun láti Kútọnu. Kò sọ pé òun ń lọ. Ó béèrè ohun méjì: kí ọ̀gá kọ orúkọ òun sílẹ̀ ní CNSS, kí ó sì fi 10,000 kún owó oṣù. Ọ̀gá gba ìwé náà, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Ìyàwó mi ni, ọ̀gá."

Ọ̀gá yí ojú ewé náà padà bí ẹni pé nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Kútọnu ń retí èsì.