Asẹ́ tí Ń Sẹ́ Afẹ́fẹ́

 Ẹni tí ó ń sẹ́ ògì mọ̀ pé omi ògì a máa gba inú asẹ́ kọjá, èèrí a sì kù sórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń wá asẹ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì kan ọjà yín.

Nínú 100 ìdá afẹ́fẹ́, nǹkan bí 78 jẹ́ náítírójìn, 21 sì jẹ́ ọ́síjìn. Ọ́síjìn ni èso fi ń mí títí yóò fi pọ́n. Òun náà ni kòkòrò ẹ̀wà fi ń wà láàyè. Nítorí náà ni a ṣe ń dín in kù nínú àwọn àpótí atutù kan tí ń gbé èso lọ sókè òkun. A ó ti afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀pá ike tín-ín-rín; ọ́síjìn a yọ́ jáde lára ike, náítírójìn a kù, a sì tú u sínú àpótí.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kéré púpọ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ìdá 10,000,000, ọ́síjìn fẹ̀ tó 3.46 nínú wọn, náítírójìn sì tó 3.64. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gboyè fi ń lo kọ̀ǹpútà: wọn a fi ìṣirò ya ike àti ihò inú rẹ̀, wọn a sì wo bí afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti rìn níbẹ̀, kí a tó náwó láti pèsè rẹ̀. Ìṣòro wọn ni pé ike tí afẹ́fẹ́ ń yára gbà kọjá kì í sábà yà á dáradára.

Ní ti ẹ̀wà, ike tí ó dènà ọ́síjìn ni a ń fẹ́. Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue àti àwọn onímọ̀ Kamẹrúùnù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àpò PICS ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá méjì tí ó nípọn, nínú àpò híhun kan. Kòkòrò inú rẹ̀ a lo ọ́síjìn tí ó bá níbẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò ní lè jẹun mọ́, a sì kú.

Nítorí náà, ẹ sá ẹ̀wà kí ó gbẹ dáradára, ẹ so ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá eku ti lu ú. Ihò kan ṣoṣo tó láti mú ọ́síjìn padà wọlé, kòkòrò a sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí owó yín.