Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: Bí oníṣòwò ṣe lè mọ ojúlówó pọ́ǹpù epo àtijọ́ yàtọ̀ sí àdàmọ̀dì

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń ta epo pẹtiróòlù láyé àtijọ́ ti di ọjà olówó ńlá. Pọ́ǹpù tí kò lè fa epo mọ́, tí ìpẹtà ti ń jẹ nídìí, tí ẹni tó ni ilé epo ìbá ti gbé jù sórí ààtàn, òun ni àwọn kan ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là rà báyìí. Àwọn onílé oúnjẹ ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí oníbàárà lè yà wọlé, àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ ń gbé e sínú gáréèjì wọn, àwọn oníṣòwò kéékèèké sì ń rà á níhìn-ín, wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Láti ọdún 2010 tí ètò tẹlifíṣọ̀n American Pickers ti bẹ̀rẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ti máa ń wọ inú àká àti àgbàlá onílé lọ wá ohun àtijọ́ rà, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ka irú irin bẹ́ẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ló ti mọ̀ pé owó wà nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá wà, àdàmọ̀dì kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe pọ́ǹpù tuntun tó jọ ti àtijọ́, wọ́n sì ń tà á ní gbangba gẹ́gẹ́ bí àdàmọ̀dì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ máa ń bàjẹ́ nígbà tí ọjà náà bá ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, tí rìsíìtì rẹ̀ ti sọnù, tí ẹnì kan sì wá fi nǹkan ha á lára, tó fi omi iyọ̀ mú un dípẹtà, tó sì ń pè é ní ojúlówó. Oníṣòwò tó bá kó gbogbo owó ọjà rẹ̀ lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí lè máà rí ìdajì rẹ̀ gbà padà.

Ẹni tí kò mọ ìtàn ni wọ́n máa ń tètè tàn

Ohun àkọ́kọ́ tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí àwọn pọ́ǹpù yìí ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ní ọdún 1885, ní ìlú Fort Wayne ní ìpínlẹ̀ Indiana, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sylvanus Bowser ta pọ́ǹpù kan fún onísọ́ọ̀bù kan. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń wọ̀n nígbà náà, nítorí pé mọ́tò kò tíì wọ́pọ̀. Ìgbà tí mọ́tò dé ni wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe fún epo pẹtiróòlù. Ìlú Fort Wayne yìí kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ Wayne àti Tokheim ti gbilẹ̀, tí orúkọ wọn ṣì wà lára ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù àtijọ́.

Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn kò rí epo tí àwọn ń sanwó fún. Ohun tó bí pọ́ǹpù onígò nìyẹn, èyí tó gbòde ní àwọn ọdún 1920. Ó ga ju èèyàn lọ, gíláàsì ńlá kan sì wà lókè rẹ̀ tó lè gba gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá, ìyẹn bíi lítà 38. Ẹni tó ń ta epo yóò fi ọwọ́ fa irin gbọọrọ kan síwá sẹ́yìn títí epo yóò fi gòkè sínú gíláàsì náà, oníbàárà yóò fi ojú ara rẹ̀ ka iye gálọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà ni epo yóò ṣàn gba inú rọ́bà sọ̀ kalẹ̀ sínú mọ́tò. Lẹ́yìn èyí ni pọ́ǹpù olójú aago dé, tí ọwọ́ aago ń ka gálọ́ọ̀nù. Ní àwọn ọdún 1930 sì ni èyí tó ń ṣírò iye owó fúnra rẹ̀ wá gba ọjà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé pọ́ǹpù onígò wá, tó ní ọdún 1890 ni wọ́n ṣe é, tàbí tó ní èyí tó ń ṣírò owó ti wà láti 1915, olùrà tó mọ ìtàn kò nílò láti yẹ irin wò kó tó mọ̀ pé irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni àṣírí wà

Ohun kejì ni irin fúnra rẹ̀. Irin dídà tó wúwo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdí pọ́ǹpù onígò, irin pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n sì fi ń ṣe ara àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn méjì kò lè gbé e bí ẹni gbé àga. Ọ̀pọ̀ àdàmọ̀dì jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí fáíbà. Irin òòfà kékeré tí oníṣòwò lè fi sápò yóò sọ òtítọ́ níbẹ̀: kò ní lẹ̀ mọ́ fáíbà tàbí ike. Ṣùgbọ́n òòfà nìkan kò tó, nítorí pé àwọn àdàmọ̀dì kan wà tí wọ́n fi irin ṣe.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń ṣí ilẹ̀kùn pọ́ǹpù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Nínú ojúlówó, ó yẹ kí wọ́n rí páìpù, irin tó ń fa epo, ẹ̀rọ tó ń wọn epo, àti àwọn eyín irin tó ń yí nọ́ńbà, bó bá jẹ́ èyí tó ń ṣírò owó. Gíríìsì tó ti gan yóò wà lára wọn. Inú àdàmọ̀dì sábà máa ń ṣófo, tàbí kí wọ́n ti tò ó bíi kọ́bọ́ọ̀dù, kí gílóòbù iná kan sì wà lókè. Ẹni tó ń rà kò gbọdọ̀ kánjú o, nítorí pé àwọn kan ti tú inú ojúlówó dànù kó lè fúyẹ́. Ihò tí wọ́n fi de àwọn ẹ̀rọ náà mọ́ ara rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀. Inú tí kò ní ihò kan, tí kò ní àpá kan, kò gbé ẹ̀rọ kankan rí.

Kí olùrà tún wo bóòtì àti ṣúkúrúù. Ọdún 1936 ni Henry Phillips gba àṣẹ ìjọba lórí ṣúkúrúù olórí àgbélébùú tó gbòde lónìí. Èyí tó ní ilà kan ṣoṣo lórí ni wọ́n ń lò ṣáájú. Bí pọ́ǹpù tí wọ́n ní ó jẹ́ ti 1925 bá kún fún ṣúkúrúù olórí àgbélébùú, ó di dandan kí ẹni tó ń tà á ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni bóòtì tí wọ́n fi ìwọ̀n mìlímítà ṣe: ìwọ̀n íǹṣì ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ìgbà náà ń lò. Ṣúkúrúù tuntun kan tàbí méjì lè jẹ́ àtúnṣe lásán, ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Pátákó, glóòbù àti nọ́ńbà

Àmì ilé iṣẹ́ epo tó wà lára pọ́ǹpù máa ń níye lórí gan-an, nítorí náà òun gan-an ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn pátákó àtijọ́ ni wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe abọ́ tánńganran: wọ́n lọ gíláàsì kúnná, wọ́n fi kun irin, wọ́n sì sun ún nínú iná tó gbóná gidigidi, àwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìka ọwọ́ lè mọ ibi tí àwọ̀ kan ti gun orí èkejì. Ẹni tí abọ́ tánńganran bá ti jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń fọ́: ojú irin dúdú yóò yọ, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ sórí páànù tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń ṣí bí bébà.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára pátákó kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Texaco máa ń kọ oṣù àti ọdún sísàlẹ̀ àwọn pátákó rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe àdàmọ̀dì ń da ọjọ́ náà kọ pẹ̀lú. Nọ́ńbà tó máa ń ran olùrà lọ́wọ́ ni èyí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ọdún 1963 ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo nọ́ńbà ZIP. Pátákó tí wọ́n ní ó jẹ́ ti 1935, tí àdírẹ́sì rẹ̀ sì ní ZIP, ti jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀.

Glóòbù, ìyẹn orí gíláàsì tí iná ń tàn nínú rẹ̀ lókè pọ́ǹpù, kò yàtọ̀. Àwọn kan tó rí bí adé, èyí tí ilé iṣẹ́ Standard lò, wà lára àwọn tí wọ́n ti dà kọ gan-an. Kéréje irin tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà pọ́ǹpù sí náà wà lórí àtẹ ní tuntun, nítorí náà kí olùrà wò ó bóyá ihò tí wọ́n fi kàn án ti gbó bí ara pọ́ǹpù ṣe gbó.

Àkísà àgbà

Ibi tí òwe àwọn àgbà ti wúlò jù nìyí. Ọ̀dà ṣeé rà, glóòbù ṣeé rà, ṣùgbọ́n ọgọ́rin ọdún kò ṣeé rà. Ojúlówó máa ń gbó níbi tó yẹ kó gbó: ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ibi tí wọ́n ń fi ẹnu rọ́bà kọ́, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìdí tó ń bá ẹ̀rẹ̀ gbé. Àdàmọ̀dì tí wọ́n fi ọwọ́ gbó máa ń gbó káàkiri bákan náà. Ìpẹtà àtijọ́ ti jẹ irin wọnú, ó dúdú, ó sì ní kòtò. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pupa yòò, aṣọ sì lè nù ún kúrò. Bí ọ̀dà bá ṣí lára ojúlówó tí wọn kò tíì họ, wọ́n lè rí àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lábẹ́ ara wọn, nítorí pé wọ́n máa ń tún un kùn bí ilé epo bá ti pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá a dòwò.

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tún ṣe kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó tí wọ́n fi rọ́bà tuntun àti glóòbù tuntun sí ṣì jẹ́ ojúlówó, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́. Ẹni tó ń ra ẹ̀yà mọ́tò ní Ládípọ̀ mọ̀ pé tòkunbọ̀ yàtọ̀ sí tuntun, ayédèrú sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Oríṣiríṣi ni iye owó wọn.

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1973 tó pàṣẹ pé kí wọ́n sàmì sára àdàmọ̀dì owó àtijọ́ àti ti àwọn ohun ìpolongo ìbò. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù epo. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùrà gba rìsíìtì tó sọ ní kíkún pé ojúlówó ni, ọdún tí wọ́n ṣe é, àwọn ẹ̀yà tó jẹ́ tuntun, àti pé olùtajà yóò dá owó padà bí ọ̀rọ̀ bá yí. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ohun tó ń fi ẹnu sọ ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ẹni tó ń ta àdàmọ̀dì náà ní ọjà tirẹ̀. Onílé oúnjẹ tó kàn fẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà kò nílò ojúlówó, owó tó máa ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ kò sì kéré. Ohun tó kù fún irú olùtajà bẹ́ẹ̀ ni kó fi irin tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sínú pọ́ǹpù náà, níbi tí ọ̀dà kò ti lè bò ó. Pọ́ǹpù yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n àmì yẹn yóò wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.