Ìròyìn Àdúgbò Wa: Ta Ni Yóò Kọ Ọ́?

 

Inú àṣìṣe àwa fúnra wa ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá àgbà kan ní òpópónà wa papò dà lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan nínú àwa ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ti gbé e sí ojú ìwé ìròyìn àdúgbò wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòun ti àwòrán. Ó rò pé iṣẹ́ rere ni òun ṣe. Ọmọ ìyá náà obìnrin, tí ń bẹ ní Òṣogbo pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, rí i lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń wá ẹni tí yóò lọ túfọ̀ fún un. Nígbà tí a lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà." A kò rí èsì fọ̀.

Àwọn kan ní kí a pa ojú ìwé náà rẹ́. Àwa kò gbà. Ní àkókò òjò ọdún kan náà, gọ́tà wa dí, omi sì ń wọ ilé. Lẹ́tà mẹ́ta ni a kọ sí ọ́fíìsì tí ó yẹ, a kò rí ẹnìkan. A wá gbé àwòrán gọ́tà náà jáde, a kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a ó pàdé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ìbò dé, Haúsá dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àwọn tí a kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tuntun láàrin wa. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí ó dé, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó kú, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Àyè wà láti ronú. Tiwa kò gba ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, kí òpópónà kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì: ọ̀kan yóò kọ, èkejì yóò kà á kí ó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè ń ṣe. Ẹrù kì í kúrò àfi bí ẹnìkejì bá yẹ ìwé rẹ̀ wò. Kí a má kọ "lọ́la". Ọjọ́ àti ọdún ni kí a kọ, nítorí ẹlòmíràn á kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, á sì wá bá pápá òfìfo. (Ó ti ṣẹlẹ̀ sí akápò wa, ó sì wọ aṣọ tuntun!) Kí a má fi orúkọ ọmọdé àti ilé ìwé rẹ̀ síta. Ìròyìn òkú, ó di ìgbà tí olórí ẹbí bá fọwọ́ sí i.

Ní ti ìjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú un. Ẹ rántí 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ó ti Èkó wá di ìjà ní Kánò níhìn-ín, ènìyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń jà ní ọjà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn àgbà. Ẹ má kọ ẹ̀yà ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin bàbá bí tibi-tire ní Òṣogbo, obìnrin ni ó bí. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó mú ìròyìn náà wá fún wa, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó sì fọwọ́ sí i. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà kò ní ṣòro fún yín láti mọ̀.