Bó Bá Yá

Ẹ̀yin ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé àti ẹ̀yin ìyá ìkókó, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, tí a kì í sì í fura sí. Ọ̀rọ̀ náà ni "bó bá yá." Bó bá yá, tí a bá kọ́lé tán, bó bá yá, tí wọ́n bá gbé baálé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, bó bá yá, tí mo bá já ọmọ yìí lẹ́nu ọmú, ìgbà náà ni n óò tó fara balẹ̀ jẹ ayé. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí pé ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi sọ ọ́.

Ní ọdún 1976, yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti baálé mi ń gbé ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo àwa ayálégbé ti ń dáná, ìdílé mẹ́fà ni ó sì ń lo balùwẹ̀ kan. A ti ra ilẹ̀, a sì ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ bí owó ti ń wọlé. Bí mo bá ń wẹ àkọ́bí mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà, iye àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ń kà lọ́kàn. Bí ó bá ta omi sí mi lójú tí ó sì bú sẹ́rìn-ín, n óò ní kí ó dúró jẹ́ẹ́ kí a tètè ṣe tán. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, a sáré wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, a sì na òkúta kékeré kan tí ó ṣà sí mi. Mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì ti yíjú padà, n óò jù ú nù.

Ní ọdún 1985 ni a kó lọ sí ilé wa. Ilé náà dára, n kò ní purọ́. Fún bí oṣù mẹ́ta, mo máa ń jí lóru lọ tan iná ilé ìdáná mi, kí n kàn lè máa wò ó. Lẹ́yìn náà, ilé ìdáná di ilé ìdáná. Ọmọ tí ń ṣa òkúta fún mi ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama níbi tí ó ti ń gbé inú ọgbà, kò sì sí ẹni tí yóò sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà tuntun náà.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Philip Brickman, Dan Coates àti Ronnie Janoff-Bulman, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi ènìyàn 22 tí ó jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìpínlẹ̀ Illinois léèrè bí ayé ti rí fún wọn, wọ́n sì fi èsì wọn wé ti àwọn mìíràn tí kò jẹ tẹ́tẹ́ kankan. Ìdùnnú àwọn olówó tuntun wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé adùn tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ òwúrọ̀, nínú àwàdà, nínú ìtàkùrọ̀sọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, àní nínú kíka ìwé ìròyìn bí irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí, kéré sí ti àwọn tí kò jẹ nǹkan kan. Òótọ́ ni pé àwọn tí wọ́n bi léèrè kò pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, ilé ìdáná mi ni mo rántí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọkọ tí kò fi owó oúnjẹ sílẹ̀, tí ó wá ń sọ fún aya rẹ̀ pé kí ó ní ìtẹ́lọ́rùn, ìrẹ́jẹ ni ó ń ṣe. Ẹ kọ́lé, ẹ ra maṣíìnì ìránṣọ, ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni ó wí pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ẹ wo ohun tí ó wà nílẹ̀ lónìí. Ògì gbígbóná ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí a fi ọwọ́ méjèèjì di ife rẹ̀ mú. Àkàrà tí epo rẹ̀ kò tí ì gbẹ. Àgbàdo sísun àkọ́kọ́ nínú ọdún, pẹ̀lú àgbọn. Òjò lórí páànù nígbà tí a ti ká aṣọ kúrò lórí okùn. Òórùn orí ìkókó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí a sì fi òrí pa lára. Bí a bá sì ti òde ìnáwó dé, tí a tú gèlè lórí, tí a bọ́ bàtà tí ó ti ń fún wa lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀, tí a na ẹsẹ̀ lórí ẹní, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ìgbà yẹn gan-an ni òde náà dùn jù?

Nínú ilé Òkè-Àdó yẹn, ìyá àgbà kan wà tí ń ta èlùbọ́. Ní alaalẹ́, bí ó bá ti ọjà dé, a wẹ ẹsẹ̀, a jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ògiri, a sì mú ọsàn kan àti ọ̀bẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń bó o, kí èèpo rẹ̀ má baà já, nítorí pé àwọn ọmọ ilé ti jókòó tì í, wọ́n ń dúró de èèpo gígùn náà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní àkókò yẹn, ìbáà ṣe onígbèsè tí ó wá san owó, èsì kan náà ni: "Ẹ jẹ́ kí n mu ọsàn mi tán ná." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti kó kúrò níbẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé ọmọ méje ni ìyá yìí bí, mẹ́ta péré ni ó sì kù fún un.

Èmi náà ti ń ra ọsàn ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Mo máa ń fi tẹlifóònù sílẹ̀ nínú yàrá, n óò sì jókòó síta. Èèpo tèmi ṣì ń já lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bó o tán, àwọn ọmọ-ọmọ mi a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.